Àṣìṣe Oògùn ní Yàrá Ìbímọ àti Ohun Tí Ó Kàn Wá Níbẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan, ọmọ ìlú wa, sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìwé sí mi pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, ohun tí ó retí ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fún mi láàyè láti yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà náà. Ọ̀rọ̀ yàrá ìbímọ ni mo gbé wá. Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Olùkọ́ ni mí. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹgbẹ́ wa sì ti dá owó jọ ní ọdún yìí láti fi tún ilé ìgbẹ̀bí ìlú wa ṣe. Kí a tó ná owó náà, mo ní ọ̀rọ̀ kan í sọ.

Bí obìnrin bá bímọ láàárín wa, "Ẹ kú ewu" ni a ń kí i. Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n mọ̀ pé obìnrin tí ó kúnlẹ̀ tí ó sì dìde ti ibi ewu bọ̀. Ewu tí wọ́n mọ̀ ni ti ẹ̀jẹ̀, ti ibà, àti ti ọmọ tí ó dábùú. Ìmọ̀ ìṣègùn ti dín púpọ̀ nínú ewu wọ̀nyí kù, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí ó bá ìmọ̀ náà wọlé: pé kí oògùn tí ó dára, láti ọwọ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ wọ inú ara. Ewu yìí ni mo fẹ́ sọ.

Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí àkọ́bí rẹ̀. Nígbà tí ó gbé ọmọ wá kí wa nílé, ó jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní: "Bàbá, ìrọbí mi pẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí n kò lè mú un mọ́ra mọ́, mo ní kí wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ohun kan yà mí lẹ́nu, sà. Àwọn méjì ni wọ́n dúró tì mí kí wọ́n tó so oògùn náà. Ọ̀kan ń ka ohun tí a kọ sára àpò oògùn sókè bí ọmọ ilé-ìwé, èkejì sì ń fi ojú bá a lọ nínú ìwé. Ẹnu rọ́bà tí ó wà lẹ́yìn mi jẹ́ yẹ́lò, ti ọwọ́ mi kì í ṣe yẹ́lò. Mo bi agbẹ̀bí náà pé kí ni ìdí rẹ̀. Ó ní, nítorí àwọn tí ó ti kú ni."

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé, mo sì ń bi àwọn ọmọ ìlú wa tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì léèrè. Ohun tí mo rí ni mo kó wá síwájú yín lónìí.

Ohun tí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn jẹ́

Nínú ọ̀pá ẹ̀yìn wa ni mùdùnmúdùn kan wà tí ó so ọpọlọ mọ́ ara. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, omi sì wà nínú awọ náà. Ní ìta awọ yìí, àlàfo tóóró kan wà. Inú àlàfo yìí ni oníṣègùn ń wá pẹ̀lú abẹ́rẹ́ gígùn. Kò sì gbọdọ̀ lu awọ náà. Bí abẹ́rẹ́ bá ti dé ibẹ̀, a ó ti rọ́bà tín-ín-rín kan gba inú rẹ̀ wọlé, a ó fa abẹ́rẹ́ jáde, rọ́bà yóò sì kù síbẹ̀. Láti ẹnu rọ́bà náà ni a ó ti máa fi oògùn tí ń mú ara kú sínú díẹ̀díẹ̀, fún wákàtí púpọ̀ bí ó bá tọ́. Ìrora yóò rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá kò ní sùn. Yóò gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀ nígbà tí ó bá dé ayé. Èyí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní epidural. Oníṣègùn ológun kan ní ilẹ̀ Sípéènì, Fidel Pagés, ni ó kọ́kọ́ kọ ìwé lórí bí a ṣe lè ti ẹ̀gbẹ́ ìbàdí fi í ṣe iṣẹ́ abẹ, ní ọdún 1921.

Ó ní àbúrò kan tí à ń pè ní spinal. Ìyẹn ni a sábà máa ń lò ní Nàìjíríà nígbà tí a bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún aláboyún. Òun a máa la awọ náà kọjá dé inú omi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì sábà máa ń fún ni. Ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn méjèèjì, nítorí ewu kan náà ni ó ń lépa wọn.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá gbọ́ èyí dáadáa: n kò wá sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Àìmọye obìnrin ni ó ń gbà á lọ́dọọdún kárí ayé tí wọ́n sì ń dìde láìní àbùkù kankan. Iṣẹ́ àánú ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí obìnrin náà ṣe dùbúlẹ̀. Rọ́bà kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Rọ́bà mìíràn, ti dírípù, wà ní iṣan ọwọ́ rẹ̀. Àpò oògùn méjì tàbí mẹ́ta ń rọ̀ lókè orí rẹ̀, omi inú gbogbo wọn sì mọ́ gaara bí omi ìsun. Òru ni; ó ti rẹ àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀; ọmọ sì ń bọ̀. Níbẹ̀ ni àṣìṣe máa ń ba sí.

Ohun mẹ́ta tí ó ṣẹlẹ̀

Ọ̀kan ṣẹlẹ̀ ní ìlú Swindon, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù karùn-ún ọdún 2004. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ náà kàn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Filipínì. Nọ́ọ̀sì ni òun fúnra rẹ̀, ilé ìwòsàn tí ó ń ṣiṣẹ́ ni ó sì ti bímọ. Ó bí ọmọkùnrin. Lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n fẹ́ fún un ní omi sínú iṣan ọwọ́. Àpò tí wọ́n gbé kọ́ kì í ṣe ti omi. Bupivacaine ni ó wà nínú rẹ̀, oògùn tí ń mú ara kú, tí ó yẹ kí ó gba ẹ̀yìn. Bí oògùn yìí bá wà ní àlàfo ẹ̀yìn, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Bí ó bá gba inú ẹ̀jẹ̀, ọkàn ni ó ń lọ tààrà, ó sì lè mú un dúró. Ní ọjọ́ náà gan-an ni obìnrin náà kú. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé-ẹjọ́ wádìí ikú rẹ̀ ní ọdún 2008, wọ́n ní ikú tí ó lòdì sí òfin ni, wọ́n sì fi ẹ̀bi kan bí a ṣe ń kó oògùn pamọ́ níbẹ̀. Kì í sì ṣe òun nìkan. Ní ọdún 2007, àjọ tí ń mójú tó ààbò àwọn aláìsàn ní ilẹ̀ náà ti kéde pé ènìyàn mẹ́ta ni irú àṣìṣe yìí pa láàárín ọdún 2000 sí 2004.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù keje ọdún 2006. Ọmọbìnrin ọdún 16 kan wá bímọ. Ó yẹ kí wọ́n fún un ní pẹnisilíìnì nínú iṣan ọwọ́. Nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú rẹ̀ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, ó ti ṣe iṣẹ́ ẹni méjì léra, ilé ìwòsàn ni ó sì sùn mọ́jú. Ó ti gbé àpò oògùn ẹ̀yìn wá sínú yàrá ṣáájú àkókò. Àpò méjì wà lórí tábìlì. Èyí tí kì í ṣe pẹnisilíìnì ni ó mú. Ọmọbìnrin náà kú. Wọ́n yára ṣe iṣẹ́ abẹ, ọmọ inú rẹ̀ sì yè. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan nọ́ọ̀sì yìí. Níkẹyìn, wọ́n dá a lẹ́bi ẹ̀sùn kéékèèké méjì, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án.

Ẹ̀kẹta ṣẹlẹ̀ ní Sydney, ní Ọsirélíà, ní ọdún 2010. Níbẹ̀, kì í ṣe oògùn ẹ̀yìn ni ó ṣìnà lọ sí ọwọ́. Ohun tí kì í ṣe oògùn ẹ̀yìn ni ó ṣìnà lọ sí ẹ̀yìn. Wọ́n da omi iyọ̀ sínú abọ́ kékeré kan, wọ́n da chlorhexidine, oògùn tí a fi ń nu ara kí kòkòrò àìsàn má bàa wọlé, sínú òmíràn. Abọ́ méjèèjì jọra. Èyí tí a fi ń nu ara ni wọ́n fà sínú sirinji, tí wọ́n sì fi sí ẹ̀yìn obìnrin tí ń rọbí. Ọmọ rẹ̀ bọ́ sáyé láyọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ rọ. Láti ìgbà náà ni ìlànà àwọn oníṣègùn ti tẹnu mọ́ ọn pé kí a gbé oògùn ìnura jìnnà réré kí a tó ṣí ohun tí yóò wọ ẹ̀yìn, kí a má sì dà wọ́n sínú abọ́ tí kò ní ìbòrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nínú ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ọ̀tá níbẹ̀. Kò sí aláìmọ̀wé níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ńláńlá ni, ní orílẹ̀-èdè tí ó ní owó. Ohun tí ó pa ènìyàn níbẹ̀ ni ìjọra: àpò jọ àpò, abọ́ jọ abọ́, ẹnu rọ́bà sì bá ẹnu rọ́bà mu.

Kọ́kọ́rọ́ tí ó ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn

Ìbámu ẹnu rọ́bà yìí ní ìtàn tirẹ̀. Láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni a ti ń lo irú ẹnu sirinji kan tí a fi orúkọ Lüer, oníṣòwò ohun èlò ìṣègùn ní ìlú Paris, pè. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó bá ohun gbogbo mu. Àléébù rẹ̀ náà ni pé ó bá ohun gbogbo mu. Ta ni nínú wa tí yóò fi kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ṣe ti ilé, ti àká àti ti àpótí owó, tí yóò sì máa bínú sí ọmọ tí ó ṣi ilẹ̀kùn ṣí?

Ní ọdún 2016, ISO, àjọ àgbáyé tí ń fi ìwọ̀n lélẹ̀ fún ohun èlò, gbé ìlànà jáde pé kí ẹnu ohun èlò oògùn ẹ̀yìn yàtọ̀, kí ó má lè wọ ti iṣan ẹ̀jẹ̀ rárá. NRFit ni wọ́n ń pè é, àwọ̀ yẹ́lò ni a sì fi ń dá a mọ̀. Ní ọdún 2024, àwọn aláṣẹ ìlera ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí àwọn ilé ìwòsàn wọn pa ti àtijọ́ tì, kí wọ́n máa lo èyí. Láti ikú ti Swindon sí àṣẹ yìí, ogún ọdún ni. Yẹ́lò tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn. Síbẹ̀, ẹnu tuntun yìí kò lè dá ẹni tí ó ti ìbẹ̀rẹ̀ fa oògùn tí kò tọ́ sínú sirinji yẹ́lò dúró. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn méjì ṣì ń ka ìwé sókè.

Ìgò méjì inú àpótí ilé-ìwé

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó jẹ́ tèmi. Láti ọdún wọ̀nyí wá, n kò sọ ọ́ ní gbangba rí.

Ní ọdún 1991, n kò tíì ju ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Wọ́n fi àpótí oògùn ilé-ìwé sí ìkáwọ́ mi. Ìgò kékeré méjì wà nínú rẹ̀, funfun ni àwọn méjèèjì, wọn kò ju àtàǹpàkò lọ. Ọ̀kan jẹ́ oògùn ojú, èkejì jẹ́ oògùn etí. Àkókò náà ni àrùn ojú tí à ń pè ní Àpólò gba ìlú kan. Ọmọdékùnrin kan tọ̀ mí wá, ojú rẹ̀ pọ́n. Agogo ti lù, àwọn ọmọ ń pariwo, mo na ọwọ́ sínú àpótí, mo sì kán oògùn etí sí ojú ọmọ náà.

Ó ké. Mo wo ìgò náà, ara mi sì di omi. A fi omi tútù ṣan ojú náà títí. A gbé e lọ sí ibi ìtọ́jú. Ọjọ́ mẹ́fà ni ó lò pẹ̀lú ojú dídì, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ṣàánú, ojú náà là. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, tí ó bi mí pé kí ni ó ṣẹlẹ̀, mo ní: "Oògùn náà ló ta á, mà. Àrùn náà ló le." N kò sọ fún ọ̀gá àgbà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo dá ìgò méjèèjì padà sínú àpótí bí wọ́n ti wà.

Ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé àpótí náà fún olùkọ́ obìnrin kan. Ẹ ti mọ èyí tí ó kù. Ìgò kan náà, àpótí kan náà, ojú ọmọ mìíràn. Ó ń sunkún, ó ń pe ara rẹ̀ ní apànìyàn, èmi sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni ó tó yé mi pé àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ọwọ́ mi ni, ṣùgbọ́n èkejì ti ẹnu mi ni. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀, kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá àgbà. Mo rò pé yóò kọ ìwé sí àwọn aláṣẹ nítorí mi. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó gbé àpótí náà, ó mú òwú pupa láti inú apẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọbìnrin, ó so ó mọ́ ọrùn ìgò oògùn etí lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, ó gbé e lọ sínú àpótí mìíràn, ní yàrá mìíràn. Ó ní: "Báyìí, ẹni tí ó fọ́jú pàápàá yóò mọ̀ ọ́n. Ó ku ìyá ọmọ." Èmi nìkan ni ó ní kí n lọ.

Mo lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ òtítọ́. Obìnrin náà dákẹ́ títí ẹ̀rù fi bà mí. Ó wá ní: "Tíṣà, ojú ọmọ mi ti yá. Èmi ni ara mi kò yá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo fi omi agbo nu ojú rẹ̀ kí ó tó lọ sí ilé-ìwé. Láti ọjọ́ náà, mo rò pé èmi ni mo fẹ́ fọ́ ọmọ mi lójú." Oṣù mẹ́rin gbáko ni obìnrin yìí fi ru ẹrù mi.

Dídákẹ́ ni ẹ̀gbọ́n àṣìṣe

Àwọn àgbà máa ń wí pé bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, ó sì ní ibi tí ó wúlò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ní yàrá ìbímọ. Níbẹ̀, òwe tí a nílò ni pé ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe kọ́ wọn bí ó bá bo kòtò náà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí ó jáde? Ní ti Swindon, ó pẹ́ kí ọkọ obìnrin náà tó mọ ohun tí ó pa aya rẹ̀. Ẹni tí ó ti pàdánù aya, a kò gbọdọ̀ tún jẹ́ kí ó pàdánù òtítọ́.

Ẹlòmíràn yóò ní: "Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ kí a máa pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ó pa ènìyàn ni?" Rárá o. Ẹni tí ó mutí wá sí ẹnu iṣẹ́, tàbí tí ó mọ̀ọ́mọ̀ pa ìlànà tì, tàbí tí ó purọ́ fún ẹbí, kí òfin bá a wí. Ṣùgbọ́n bí a bá lé nọ́ọ̀sì kan lọ, tí a sì fi àpò méjì tí ó jọra sílẹ̀ lórí tábìlì kan náà, àpò náà yóò jókòó síbẹ̀ de nọ́ọ̀sì mìíràn. Bí a bá sì na ẹni tí ó jẹ́wọ́, àwọn yòókù ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí a kò fẹ́ kí wọ́n kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Oògùn kan wà tí ń jẹ́ tranexamic acid, tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ. Àwọn ilé ìwòsàn Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó kópa nínú ìwádìí ńlá tí a gbé jáde ní ọdún 2017, nínú èyí tí ó lé ní 20,000 obìnrin ní orílẹ̀-èdè 21 kópa, tí ó fi hàn pé oògùn náà ń dín ikú nípa ẹ̀jẹ̀ kù. Ìbùkún ni. Ṣùgbọ́n ìgò kékeré rẹ̀ lè jọ ìgò oògùn spinal, yàrá iṣẹ́ abẹ kan náà ni a sì ń kó wọn sí. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, a ti ṣèèṣì fi í sí ẹ̀yìn aláboyún. Gìrì líle ni ó máa ń fà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì yè é. Ní ọdún 2022, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kìlọ̀ pé kí a yà á sọ́tọ̀ kúrò lára oògùn ẹ̀yìn.

Ilé ìgbẹ̀bí tiwa kì í fún ni ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìjọra wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn oníṣègùn ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ibi púpọ̀ pé abẹ́rẹ́ ergometrine, tí ó jẹ́ ti ìyá kí ilé ọmọ lè sún kì, ni a ti ṣèèṣì fún ọmọ tuntun dípò fítámì K. Abẹ́rẹ́ méjèèjì máa ń wà lórí àwo kan náà ní wákàtí kan náà. Ẹ sì mọ ohun tí iná mànàmáná wa ń ṣe lóru: fìtílà fóònù ni agbẹ̀bí fi ń ka lẹ́tà tí kò ju ẹsẹ̀ èèrà lọ.

Ohun tí mo bẹ ẹgbẹ́ wa

Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú wa fẹ́ kí a fi apá tí ó pọ̀ nínú owó náà kọ́ géètì ńlá tí a ó kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí. Géètì dára. Ṣùgbọ́n mo bẹ yín kí a kọ́kọ́ ṣe nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí, tí gbogbo wọn lápapọ̀ kò ní gba owó tó géètì.

Èkíní, kí a ra kọ́bọ́ọ̀dù méjì tí ó ní kọ́kọ́rọ́: ọ̀kan fún oògùn ìyá, ọ̀kan fún oògùn ọmọ, àwọ̀ wọn kò gbọdọ̀ jọra, kí wọ́n má sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà nínú yàrá. Kí a ra fìtílà oòrùn méjì tí a ó gbé kọ́ sókè ibi tí a ti ń fa oògùn.

Èkejì, kí a bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ kí agbẹ̀bí má ṣe dá nìkan wà lóru mọ́, kí ẹgbẹ́ sì máa san owó fún olùrànlọ́wọ́ kan tí ó mọ ìwé kà. Kí wọ́n máa ka orúkọ oògùn sókè fún ara wọn kí abẹ́rẹ́ tó wọ ara. Ẹnìkan ní ń bímọ, igba ènìyàn ní ń wò ó. A kò béèrè igba ènìyàn lóru, méjì péré ni a ń béèrè.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ yìí ṣèlérí, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpinnu wa, pé bí òṣìṣẹ́ ìlera kan bá ṣe àṣìṣe tí ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an fún ọ̀gá rẹ̀ àti fún ẹbí, àwọn ọ̀dọ́ ìlú kò ní ya bá a, ẹnikẹ́ni kò sì ní bú u ní ọjà. Ẹbí yóò gba òtítọ́, ẹ̀bẹ̀ àti ìtọ́jú. Ilé ìgbẹ̀bí yóò sì sọ fún wa ohun tí ó ti yí padà kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lókè òkun, ẹ ṣeun fún àwọn ẹrù tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó di ẹrù, ẹ bi wa ohun tí a nílò. Sirinji yẹ́lò tí kò ní abẹ́rẹ́ tí ó bá a mu kò wúlò fún wa, ẹ̀rù sì ni oògùn tí a fi èdè tí a kò gbọ́ kọ sára rẹ̀ jẹ́ fún wa. Bí ẹ bá mọ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ńlá tí ó sún mọ́ wa, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní òróró funfun bí wàrà tí a fi ń gba ẹni tí bupivacaine bá wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọdún 1998, nígbà tí Guy Weinberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi eku dán an wò, ni a ti ń mọ iṣẹ́ rẹ̀, a sì ti fi gba ènìyàn là láti ọdún 2006. Kò yẹ kí ó wọ́n ní ibi tí oògùn náà bá wà.

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ó sì gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn níbikíbi, ẹ má ṣe tijú láti béèrè pé: "Kí ni orúkọ oògùn yìí, ibo ni ó ń lọ?" Bí etí yín bá ń hó lẹ́yìn tí wọ́n fún yín, tí ètè yín bá ń kú tipiri, tàbí tí ẹ bá ń tọ́ irin wò lẹ́nu, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe àfojúdi. Ìrànlọ́wọ́ ni ẹ ń ṣe fún ẹni tí ń tọ́jú yín.

Alága, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọ̀gá àgbà tí ó so òwú pupa mọ́ ọrùn ìgò ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè. Òun kò gbọ́ nípa NRFit rí, kò sì wọ ọkọ̀ òfurufú rí. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé fi ogún ọdún ṣe, ìlànà kan náà ni ó fi òwú ṣe ní ìṣẹ́jú kan: ó ya ohun tí ó jọra sọ́tọ̀, ó sì rán mi lọ sọ òtítọ́. Ohun méjèèjì yìí ni mo bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí a ṣe.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn aboyún wa máa sọ̀ ní àlàáfíà. Kí a máa gbọ́ ohùn ìyá, kí a máa gbọ́ ohùn ọmọ. Nígbàkígbà tí a bá sì ń kí ẹnìkan nínú wa pé ó kú ewu, kí ó jẹ́ ewu tí a ti kọjá, kì í ṣe èyí tí a fi ọwọ́ ara wa dá sílẹ̀.